Fídíò Orin Ìyá Mi

Ohùn píánò ló kọ́kọ́ dé etí mi láti inú yàrá, píánò oníbátìrì ayé àtijọ́ tó máa ń dún bí agogo kẹ̀kẹ́. Mo fi ọbẹ̀ tí mò ń rò sílẹ̀ lórí iná. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi, Ìbùkún. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nílé ìdáná. "Mọ́mì, ẹ wá wo orin ẹ̀mí ayé àtijọ́! Ẹ wo òdòdó! Ẹ wo ìbọ̀wọ́ funfun!" Mo wò ó. Ìyá mi ló dúró láàárín òdòdó náà. Ó ti kú kí n tó bí Ìbùkún, ọmọ náà kò sì mọ ẹni tí òun ń fi rẹ́rìn-ín.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọmọ náà. Bó bá jẹ́ pé ìyá ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ìgbẹmọ ni a ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ilé Bàbá Ràfíù, télọ̀ tó ń rán aṣọ Kérésì àti aṣọ Iléyá fún gbogbo àdúgbò, nìkan ni tẹlifíṣọ̀n wà. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti kú, Bàbá Ràfíù kò sì ráyè tún un ṣe. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbé fídíò orin sí i, eré wa ni ká máa pariwo irú orin tó jẹ́.

Bí ẹsẹ̀ bá jáde láti inú mọ́tò kí ojú tó yọ, fújì ni. Bí ràkúnmí bá ń kọjá lẹ́yìn ẹni tó wọ aṣọ funfun, orin Mùsùlùmí ni. Olórin náà lè má kọjá Ìkàrẹ́ rí láyé rẹ̀, ràkúnmí á ṣáà kọjá. Bí àwọn ọmọkùnrin bá ń na ọwọ́ sí wa lójú, tí àwòrán ń gbọ̀n bí ẹni pé ẹsẹ̀ ń dun oníkámẹ́rà, ráàpù ni. Orin ẹ̀mí ló rọrùn jù: òdòdó, aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ kan sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ kan sósì, ìka sókè ọ̀run. Tí wọ́n bá fi máa dé ẹsẹ kejì orin, aṣọ á ti yí padà. Ràfíù, ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣì í. Ìgbà kan péré ló kùnà: ẹsẹ̀ jáde láti inú mọ́tò, ó pariwo "Fújì!", àṣé pásítọ̀ ni. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi mú iná lọ.

Iṣẹ́ ìrẹsì ni ìyá mi ń ṣe. Lẹ́yìn ilé wa, lábẹ́ igi máńgòrò, ló ti ń bọ ìrẹsì nínú àgbá ńlá kan tí èéfín ti sọ di dúdú. Òun náà ló ń léwájú orin fún ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìdí àgbá yẹn ló sì ti ń rí orin rẹ̀. Bó bá ti sọ àgbá kalẹ̀, á mí "hẹ̀n," orin á sì tẹ̀ lé e. Omi gbígbóná ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di líle. Bó bá fi pa mí lórí, irun mi á máa há sí i.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe fídíò, Mọ́mì mi ní ìdí àgbá ni wọ́n máa ti yà á, níbi tí òun ti rí orin náà. Ó gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ó sá ìrẹsì sórí tapólì, ó fọ àgbá tí kò lè funfun láéláé. Oníkámẹ́rà dé láti Adó. Ó wo ibẹ̀ yí ká, ó mi orí.

"Màmá, ẹ má bínú. Ibí yìí kò jọ orin ẹ̀mí rárá. Ẹni tó bá pa ohùn rẹ̀, ìpolówó ìrẹsì ló máa pè é."

Mo dúró níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi àti Ràfíù ì bá pè é bẹ́ẹ̀ náà.

Wọ́n kó Mọ́mì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Adó, síwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n gbin òdòdó yí ká. Mọ́mì wo ilé náà, ó ní, "Ulé yèsí rèé?" Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó ni ín fún un. Wọ́n wọ aṣọ dídán fún un, wọ́n kọ́ ọ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tí wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n wá ìbọ̀wọ́ funfun. "Olúwa ló kọ́ ulé mi," ni orin tó kọ, ó sì ń na ìka sí ilé onílé. Ahọ́n Èkìtì yẹn nìkan ni wọn kò rí nǹkan fi bò.

Ìyá mi kú kí fóònù tó ń ya fídíò tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Yàtọ̀ sí fídíò yìí, kò síbòmíì tí mo ti lè rí i kó máa rìn. Ó ń dùn mí gidigidi. Ohun tó sì tún ń bí mi nínú ni pé lónìí, àwọn olórin tí kò dá iná igi rí ń wá sí Ìgbẹmọ, wọ́n ń lọ sí Ìjàn, wọ́n ń wá àgbá dúdú, èéfín àti ògiri alámọ̀ kiri, torí pé ìyẹn ló bá irú orin tiwọn mu báyìí. Ọ̀kan wá ya tirẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò wa. Wọ́n fi ẹ̀édú kùn ún lójú kó lè jọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ràkúnmí ti lọ, òdòdó ti lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bi olórin pé níbo lo ti rí orin rẹ.

"Ìyá mi nìyẹn," ni mo sọ fún Ìbùkún.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó ń wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé bí wọ́n ṣe rí nìyí lóòótọ́?"

"Rárá."

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Orin ṣì ń lọ.

"Kí ló dé tí ẹ bò ó?"

"Kí o lè rí wọn ni."

A tẹ́tí sí i, àwa méjèèjì. Orin dé ibi tí aṣọ ti ń yí padà, kí ẹsẹ kejì tó bẹ̀rẹ̀. Píánò dákẹ́ díẹ̀, ohùn kan sì mí, "hẹ̀n."

"Ṣé o gbọ́?" ni mo wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àgbá kalẹ̀ ni."