Orúkọ Tí Màmá Ute Kò Lè Pè

Ẹ má wò ó pé mo kàwé, kí ẹ wá rò pé ìwé ni mo ti ka èyí. Ojú mi méjèèjì ló rí i, lọ́sàn-án gangan.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀ ni. Agùnbánirọ̀ ni mí nílé ìkàwé kan ní Ọ̀wọ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí èèyàn ṣe ń fúnra rẹ̀ wá ohun tó fẹ́ kà: bí káàdì tí a kọ orúkọ èèyàn sí ṣe tò nínú dúrọ́ọ̀, orúkọ ìdílé ṣáájú. Kí n má purọ́, ó ń rẹ̀ mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ mi kò yé wọn, ẹ̀rù yẹn gan-an tún ń mú kó rẹ̀ mí.

Màmá kan ń ti Ute, ìlú kan lẹ́yìn Ọ̀wọ̀, wá. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sógun abẹ́lé. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn kan lọ́dọ̀ wa. Màmá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

"Màmá, ẹ pe orúkọ ìdílé yín, màá bá yín wá a."

"Tíṣà, orúkọ bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé ni. Ìyàwó kì í pè é. Ẹ kọ́ mi, kí n fọwọ́ mi wá a."

Bàbá alágbẹ̀dẹ tí wọ́n jọ ń ti Ute wá bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ó kàwé yìí dé sàárè!"

"Kí n ṣáà rí orúkọ ọmọ mi ná."

Mo ní ó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó wá. Mo gbórí lé tábìlì. Nígbà tí mo gbé e sókè, Màmá ti dúró ti dúrọ́ọ̀. Inú mi dùn, àyà mi sì já lẹ́ẹ̀kan náà. N ò mọ ìdí.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Bàbá ti ní kí n máa pè é."

Ó pe orúkọ náà sí mi létí. Èémí rẹ̀ tutù bí abẹ́ àmù.

Ẹ gbà mí gbọ́, n ò bi í pé bàbá wo. Mo rí káàdì náà, mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo gbé ìwé ìròyìn jáde. Kò séèyàn.

Bàbá alágbẹ̀dẹ ló wọlé, erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Tíṣà, ẹ má bínú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin Màmá tán ni."

Mo bi í ní orúkọ bàbá ọkọ Màmá. Ó pè é. Orúkọ tí Màmá pè sí mi létí gan-an ni.

Mo ka orúkọ ọmọ náà sókè nínú ilé tó ṣófo. Bóyá ó gbọ́, n ò mọ̀. Títí mo fi kúrò ní Ọ̀wọ̀, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń bá dúrọ́ọ̀ yẹn ní ṣíṣí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa ń tì í.

Bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ má sọ fún ẹni tó rìn jìnnà wá pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lè wá lóòótọ́.