Tìmùtìmù Wíwọ́ Ọmọ Gúnrégé

Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ yìí, kò sì sí ẹni tó lè ní wọ́n pa irọ́ mọ́ ọn. Bí ojú rírán bá fi ìwọ̀n irun orí ṣe ségesège, yóò tú u. Oníbàárà á ní, "Ìyá, ó ti dáa báyìí, ẹ jẹ́ n máa mú un lọ." Gúnrégé á ní, "Kí wọ́n lè rí i lára rẹ, kí wọ́n máa béèrè pé afọ́jú wo ló rán an?" Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló ti gbà rí, kò sí èyí tó parí nínú wọn. Ẹ gbà mí, ta ló máa jókòó kí wọ́n máa tú ohun tó fi gbogbo ọ̀sán rán lójú rẹ̀, láìsọ ibi tó ti ṣàṣìṣe fún un? Gúnrégé kì í ṣàlàyé. Kì í sì í béèrè. Á gba aṣọ lọ́wọ́ ẹni, á tú u, á tún un rán, á jù ú padà síni lẹ́sẹ̀, ó parí.

Yàrá méjì ló ń gbé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níwájú, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn, kọ́tìnnì ló pín wọn. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ìyá tó bí i lọ́mọ dùbúlẹ̀ sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Ìyá Àgbà lápá kan, ó sì ti mú ahọ́n wọn pẹ̀lú. Ìkérora nìkan ló kù lẹ́nu wọn, ìbáà ṣe òǹgbẹ ni o, ìbáà ṣe ìrora ni. Ìdùbúlẹ̀ ojú kan ti dá egbò sí wọn níbi egungun ìdí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti kìlọ̀ pé bí egbò yẹn bá fi lè jìn kan egungun, kí wọ́n má retí pé yóò san mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Gúnrégé bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún, ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí ètò rẹ̀ yàtọ̀. Wọn kì í há ìwé sórí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá ohun tó ń yọ èèyàn lẹ́nu ní tòótọ́, á fi odindi ọdún kan wá ojútùú sí i. Ní ìparí ọdún, á dúró níwájú olùkọ́ àti òbí, á ṣàlàyé ohun tó ṣe, ibi tó ti kùnà, àti ohun tí ìkùnà náà kọ́ ọ. Ìyẹn ni wọ́n fi ń gbé wọn lọ sí kíláàsì tó kàn. Ọmọ yìí kò wá tirẹ̀ jìnnà. Ó ní òun máa rán tìmùtìmù tí egbò Ìyá Àgbà á fi jiná.

"Ìwọ kẹ̀!" Gúnrégé bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o kò lè rán etí ìrọ̀rí kó gún!"

Nígbà ìpàdé òbí, olùkọ́ ọmọ náà, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń nu awò ojú rẹ̀ ṣáá, bẹ àwọn òbí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn ṣe é. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Ẹ kàn bi wọ́n pé: kí lò ń ṣe? Kí ló dé tó o fi ṣe é báyìí? Kí lo rí nínú rẹ̀? Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́." Ó kọ ìbéèrè mẹ́ta náà sórí páálí pélébé fún oníkálukú. Gúnrégé mi orí bí ẹni tó gbọ́. Nígbà tó délé, ó ká páálí náà sí mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń mì. Ẹ̀rọ náà sì dúró dáadáa.

Ọmọ náà rán tìmùtìmù mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á fi òwú wọn fífẹ̀ egbò náà, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ìwé náà wà lórí tábìlì níbẹ̀, ìyá rẹ̀ kò ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀karùn-ún wá rí jágbajàgba. Ó jin kòtò níbì kan, ó ga níbòmíràn, ojú rírán rẹ̀ sì yà bàrá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí èyí ni Ìyá Àgbà sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì tú egbò wò, ó ní, "Háà, ó ti ń jiná o!" Ọmọ náà fò sókè. Gúnrégé ní ìpara tí òun rà ni.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ àlàyé pé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kó wọn lọ ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ìyá Àgbà kúrò lórí tìmùtìmù yẹn."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ."

Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí ọmọ náà jáde, Gúnrégé yọ tìmùtìmù náà láti gbọn ún, ló bá rí i kedere lójú oòrùn. Ṣé nǹkan tí ọmọ òun fẹ́ gbé síwájú àwọn èèyàn rèé? Wọn ò ní gbé e lọ sí kíláàsì kankan pẹ̀lú nǹkan báyìí! Ìfẹ́ ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìfẹ́ ló fi mú abẹ tó fi tú u. Ó fi fóòmù tuntun dí kòtò náà, ó fa ojú rírán gbọọrọ gba àárín, ó tún un rán ní ìlọ́po méjì kó má baà tú. Ó dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀. Ó gún régé.

Fún ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Àgbà fi ń kérora. Gúnrégé ń gbọ́ ọ láàárín ariwo ẹ̀rọ. Á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá," á fún wọn lómi, á padà sídìí iṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni ọmọ dé. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Nígbà tó jáde, tìmùtìmù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rin fún ẹ̀jẹ̀ àti ọyún.

"Ẹ pe nọ́ọ̀sì," ló sọ.

Egbò náà ti kan egungun. Ibà gbé Ìyá Àgbà dè, lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n kú. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ tìmùtìmù rárá. Gúnrégé náà kò béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìgbéraga, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ilé ẹ̀kọ́ sún ọjọ́ àlàyé rẹ̀ síwájú. Ọjọ́ náà pé, ó dúró nínú gbọ̀ngàn, ó tẹ́ tìmùtìmù méjì sórí tábìlì: èyí tó gún, tí àbàwọ́n kò ṣí lára rẹ̀, àti wíwọ́ kan tó tún rán. Olùkọ́ nu awò ojú rẹ̀. "Ta ló rán èyí tó gún yìí?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Èmi ni, sà. Mo fẹ́ kó rẹwà lójú yín."

"Torí ẹwà lo fi ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́? Ìyá rẹ àgbà ńkọ́?"

"Ẹ̀bi mi ni, sà."

Àwọn olùkọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi tí Gúnrégé jókòó sí lẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn, ojú tì í dé inú eegun. Ọmọ tó bí ló ń fi ara rẹ̀ bò ó láṣìírí! Ó dìde.

"Irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo tú u, tí mo tún un rán." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, kí ló dé tó o fi rán an báyìí?"

Ọmọ náà mú tìmùtìmù wíwọ́ náà, ó ti ìka bọ kòtò inú rẹ̀. "Ibi tí egungun ìdí Ìyá Àgbà ti yọ nìyí, Màámi. Mo gbẹ́ ibẹ̀ kí egbò má baà fara kan nǹkan kan. Ojú rírán sì máa ń le, ó ń gún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi yà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Gúnrégé ti ń fi téèpù wọn ara èèyàn. Gbólóhùn kan ti tó láti jẹ́ kó mọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe.

"Ẹ ò bi mí ni, Màámi," ọmọ náà sọ jẹ́jẹ́. "Ǹ bá ti sọ fún yín."

Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tó kàn, ó kọjú sí àwọn olùkọ́, ó ń bá àlàyé rẹ̀ lọ.