Kì í Ṣe Wárápá Ló Pa Hamdalah

"Wárápá ni! Ẹni tó bá bi ẹ́, sọ pé wárápá ló gbé Hamdalah ṣubú. Miriam, ṣé etí ẹ dí ni? Wá-rá-pá."

Ohun tí Màdáàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn, níwájú oníbàárà méjì, pẹ̀lú súwíìtì lẹ́nu wọn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo sáré wọ ibi tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò, mo fa kọ́tìnnì, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá tí Hamdalah ti kú. Ẹnikẹ́ni á la ẹnu, màá bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín yìí bá tán, n ò mọ ohun tó máa tẹ̀lé e.

Hamdalah kú ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ Màdáàmù ní Ìkòtún, lórí táìsì funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Kò ní wárápá. Kò ní àìsàn kankan ju ẹnu lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Ìjẹ̀gùn ló ń gbé. Tó bá sọ̀ lórí ọ̀kadà láàárọ̀, eruku á ti kun ìpéǹpéjú ẹ̀ bíi ti ìyá àgbà, á wá wọlé pé, "Ẹ kúnlẹ̀ kí mi jàre, ìyá yín ti dé."

Òun ló sọ ọmọláńgidi wa lórúkọ, èyí tó ga bí èèyàn tí a ń wọ aṣọ fún nínú gíláàsì ìta. Ẹsẹ̀ irin ló dúró lé, gílóòbù kéékèèké yí i ká kó lè máa dán. Hamdalah ń pè é ní Ìyàwó Pásítọ̀ torí kò rẹ́rìn-ín rí. Á bi í pé, "Màmá, ṣé léèsì yìí ò fún yín níkùn? Ẹ jẹ́ ká fi ààwẹ̀ sí i."

Irin yẹn ń gbé iná. Gbogbo wa la mọ̀. Tí ọwọ́ ẹ bá kàn án, á ta ẹ́ kíún bí ìgbà tí èèrà géni. A sọ ọ́ di eré. Hamdalah á ní, "Ìyàwó Pásítọ̀ ti kí mi láàárọ̀ yìí." Màá ní, "Kí ni wọ́n wí?" Á ní, "Wọ́n ní Miriam ò wẹ̀."

Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Wàsíù oníná wá pààrọ̀ gílóòbù, a ní kí wọ́n bọ Ìyàwó Pásítọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fò sẹ́yìn, àwa méjèèjì ṣubú lé ara wa.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, eré kọ́ lèyí o. Wáyà aago ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ṣe nǹkan yìí, sẹ́lótéépù ni wọ́n fi dì í. Màdáàmù, ẹ jẹ́ n fa wáyà tó nípọn, kí n sì fi ọ̀kan wọ ilẹ̀ tí iná tó bá ṣìnà á máa gbà lọ."

"Wáyà tó nípọn á hàn. Wàsíù, ṣọ́ọ̀bù ẹwà ni mo ní, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Fi rọ́ọ̀gì bò ó."

Wọ́n sì fi rọ́ọ̀gì bò ó. Ẹni tó rí ejò lábẹ́ ẹní, tó wá tún ẹní tẹ́ dáadáa lé e lórí, kí là ń pè é? Oníná ni à ń pè é ní Ìkòtún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni táìsì funfun dé. Màdáàmù ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà wọlé mọ́, kí táìsì má baà dọ̀tí. Àwa òṣìṣẹ́ bọ́ sílípáàsì rọ́bà wa sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Màdáàmù nìkan ló ń fi bàtà gogoro rìn kọ́, kọ́, kọ́. Ìgbà tí a sin Hamdalah tán ni Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé rọ́bà yẹn ni kì í jẹ́ kí iná náà ju kíún lọ. Ẹ ṣeun o, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ tètè sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò síná láti òwúrọ̀. Hamdalah nu ilẹ̀, ó fọ aṣọ ìnulẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì tutù nígbà tó gbá Ìyàwó Pásítọ̀ mọ́ra láti wọ gáùn aláwọ̀ ewé fún un. Ẹnu ọ̀nà lèmi wà. Iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè, èmi náà hó, mo pàtẹ́wọ́. Mo yíjú sí i kí n sọ fún un pé kó bá mi fi fóònù mi sí ṣájì. Mo rí i tó di ọmọláńgidi mú, tí gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo rò pé ó ń jó ni. Mo bá a jó.

Ta ló máa dáhùn fún èyí? Lóṣù tó kọjá, àwọn ọkùnrin méjì láti káńsù, àwọn tó ń gbowó pátákó, gbé téèpù wá, wọ́n wọn pátákó orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa lóòró àti níbùú, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀. Wọ́n tẹ rọ́ọ̀gì yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé pátákó ló ń pààyàn ni?

Màdáàmù gbé àwòrán Hamdalah sórí Wọ́sáàpù: "Sùn re o, ọmọ dáadáa." Wọ́n gé Ìyàwó Pásítọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n wọ gáùn búlúù fún ọmọláńgidi náà, kí oníbàárà má rò pé à ń ṣọ̀fọ̀. Gílóòbù ọjọ́sí, wáyà ọjọ́sí. Igi ìgbálẹ̀ ni mo fi wọ̀ ọ́ fún un.

Òkú ò lè já irọ́, ṣùgbọ́n àbúrò ẹ̀ wà láyé. Mọ̀dínátù ni wọ́n ń pè é, wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ẹ̀. Àwọn àna ẹ̀ ní Akówonjo ti gbọ́ wárápá. Wọ́n ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣì dúró ná, àwọn ò mọ̀ pé nǹkan báyìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yẹn. Ta ló máa fẹ́ ẹ tí irọ́ yìí bá jókòó?

Lọ́la ni àdúà ọjọ́ kẹjọ ní Ìjẹ̀gùn. Àwọn àna yẹn ń bọ̀ wá gbọ́ bó ṣe kú. Màdáàmù ti ní, "Èmi ni màá sọ̀rọ̀, ìwọ á kàn máa mi orí." Àǹtí Agnes tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n yá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Màdáàmù ránṣọ, wọ́n ní, "Miriam, òkú ti lọ. Mi orí ẹ, ká lè ríbi jókòó ránṣọ."

Mo ti mi orí fún wọn.

Ṣùgbọ́n tí àlùfáà bá ní kí àwọn ará ibi iṣẹ́ sọ̀rọ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde. Màá sọ ti wáyà, ti táìsì, ti ijó tí mo jó. Màá ní kí Màdáàmù fi ẹnu ara wọn dá wárápá padà níwájú àwọn ará Akówonjo, kí Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ká rọ́ọ̀gì yẹn kí ayé rí i, kí àwọn onítéèpù padà wá pẹ̀lú ojú tó ń ríran. Tí ẹ̀rín bá gbé mi níbẹ̀, màá rín in tán, màá sì tẹ̀síwájú.

N ò ní sọ fún ẹnì kankan. Àǹtí Agnes ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kọ́tìnnì bi mí pé kí ni ẹni tó kàn fẹ́ lọ mi orí lọ́la fẹ́ fi gèlè funfun tí mo yá ṣe. Mo ní ìpàdé ọ̀dọ́ ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn àdúà. Wọ́n ní kí n rántí àwọn nínú àdúrà.

Mo ní màá dárúkọ wọn.