Ìtàn Bàbá Mi Tí Mo Fi Wé Dùǹdú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, a kì í fi bébà ṣòfò nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, nílùú Èkó. Ọ̀rọ̀ nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni mò ń sọ o. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road. Bébà tí ọ́fíìsì bá ti lò tán, bàbá mi á dì í wálé. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta dùǹdú ní ibùdókọ̀ Boundary, á mú ìdì kan fi wé ọjà. Bàbá mi á mú ìdì kejì, wọ́n á máa kọ ìtàn sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Òǹkọ̀wé ni bàbá mi, ẹ má rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa nìkan la mọ̀. Tí wọ́n bá ti kírun alásàárì tán, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa kọ̀wé, wọ́n á máa dá rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ìwé lẹ máa jẹ sùn ni?" Àmọ́ ìyá mi yìí kan náà ló máa ń lé àwọn ọmọ tó bá ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ọdún mẹ́ta ni bàbá mi fi kọ ìtàn obìnrin kan tó bínú fi ilé ọkọ sílẹ̀. Onítẹ̀wé kan wá ní kí wọ́n mú un wá ní Mọ́ńdè, òun á wò ó bóyá ó ṣe é tẹ̀. Látìgbà náà ni bàbá mi ti ń rìn bí ọkọ ìyàwó.

Àárọ̀ Sátidé, bébà tán nídìí dùǹdú. Ìyá mi ní kí n sáré mú ìdì kan wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìdì méjèèjì jọra, orúkọ ẹrù àti iye àpò ló wà lójú wọn. Mi ò wo ẹ̀yìn. Èmi gan-an ni mò ń fi wé dùǹdú, tí mò ń bu ata sí i, títí àwọn dírẹ́bà àtàwọn tó ń já ẹrù ní wáàfù fi rà á tán.

Nígbà tí bàbá mi dé tí wọ́n wá ìtàn wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò rí i, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní, "Mi ò tún mú bírò mọ́." Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, a ṣa bébà elépo nílẹ̀ títí dé Creek Road. Mẹ́rin péré la rí.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, dírẹ́bà tírélà kan dúró nídìí dùǹdú wa, bébà kan tó ti rin fún òróró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá onídùǹdú, ẹ dákun, obìnrin yẹn, ṣé ó padà sílé ọkọ àbí kò padà? Ọkàn mi ò balẹ̀ láti Sátidé." Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní èyí tó tẹ̀ lé e wà lápò òun. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìtàn náà ń padà wá ní méjì ní mẹ́ta. Bàbá mi ń fi aṣọ nù ún, wọ́n ń bi ìyá mi, "Kí ni dírẹ́bà yẹn tún wí?" Ìgbà mélòó ni wọ́n bi í!

Ojú ewé ìparí nìkan ni kò padà. Bàbá mi pè mí, wọ́n fún mi ní bírò. Wọ́n ní, "Ìwọ lo tà á. Ìwọ ni wàá sọ fún dírẹ́bà bóyá ó padà." Mo kọ ọ́ pé ó padà, àmọ́ ọkọ ló kọ́kọ́ wá bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi kà á, wọ́n yọ awò, wọ́n nu ojú. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ láyé mi nìyẹn.

Onítẹ̀wé ò gbà á o, ó ní epo ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Látìgbà náà la ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ìtàn wé dùǹdú, èmi ni mò ń dà á kọ.

Ọ̀rá ni wọ́n fi ń wé e báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń ka ọ̀rá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí ń kọ ìtàn tiyín sórí fóònù, tí ẹnì kankan ò bá fèsì lójú ẹsẹ̀, ẹ ó ní ó ti sú yín. Bàbá mi kú láì rí orúkọ ara wọn lára ìwé kankan. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, mo rí dírẹ́bà bíi mẹ́wàá níbẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé níbo ló ti mọ bàbá mi. Ó ní òun ò fojú kàn wọ́n rí, inú ìtàn wọn lòun ti ń jẹ dùǹdú.