Sódíọ̀mù, Kilorínì àti Ẹ̀fẹ̀ Tíṣà Kapambwe

Ní ilé-ìwé girama kan ní ìlú Mufulira, lórílẹ̀-èdè Zambia, àwọn ọmọ kì í sá fún kẹ́místírì. Àwọn tíṣà yòókù máa ń bi ara wọn pé oògùn wo ni Kapambwe tó ń kọ́ wọn fi ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. Kò lo oògùn kankan. Ẹnu ló ní, ẹnu náà sì dùn.

Ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ nípa átọ́ọ̀mù, ohun tójú ò lè rí, ní ọ̀sán gangan, lábẹ́ páànù tó ń ta? Ṣùgbọ́n bí Kapambwe bá dé orí sódíọ̀mù, á ní: "Sódíọ̀mù yìí, ọmọ Ngoni ni. Kò mọ ìfarabalẹ̀. Ẹ jù ú sómi kẹ́ ẹ wò ó, ijó ogun ló máa bẹ̀rẹ̀! Elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ló wà níta ara rẹ̀ tó ń dà á láàmú. Kilorínì ní tiẹ̀, Bemba ni, àwa ọmọlúàbí. A ti jókòó yí oúnjẹ ká, ẹnì kan ṣoṣo ló kù kí àyè kún. Bí Ngoni bá ti kó wàhálà rẹ̀ fún wa, ara tu kálukú, iyọ̀ dé nìyẹn." Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, kò sì sí ọmọ tó ń gbàgbé bí iyọ̀ ṣe ń di iyọ̀.

Bemba ni Kapambwe fúnra rẹ̀. Ẹ̀yà Bemba àti ẹ̀yà Ngoni bára wọn jagun láyé àtijọ́ títí ó fi sú wọn, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Ìbátan àwàdà ni wọ́n dòní. Bemba lè sọ pé eku ni Ngoni ń jẹ bí ológbò, Ngoni lè fèsì pé ẹran ọ̀bọ ló kún ìkòkò Bemba, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bínú. Kódà níbi òkú, wọn á máa bú olóògbé kí ọ̀fọ̀ lè fúyẹ́ lọ́kàn àwọn ará ilé.

Nínú kíláàsì kejìlá, tó jẹ́ kíláàsì àṣekágbá, Tisauke Sakala ni sódíọ̀mù Kapambwe. Ngoni ni, orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí Kapambwe bá ní, "Ìbátan, ṣé o ti pa eku àárọ̀?", ọmọ náà á ní, "Sà, ẹ rọra jókòó o, ìrù yín ti fẹ́ yọ." Inú tíṣà á dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Ìgbà kan wá dé tí Tisauke ò wá sílé-ìwé fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó padà wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Kapambwe ò bi í léèrè nǹkan kan. Ó pè é jáde síwájú pátákó.

"Ẹ wò ó, sódíọ̀mù mi dé! Kí ló dé tójú ẹ rí báyìí? O ti sọ elẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ nù, àbí? Níbo lo wà látọjọ́ yìí? Àbí bàbá ẹ ló jẹ eku àjẹjù, tí wọn ò lè dìde mọ́?"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Tisauke wò ó. "A ti sin bàbá mi ní Sátidé, sà." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kapambwe gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó wá rántí pé wọ́n gbé abọ́ yíká yàrá àwọn tíṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní òkú ṣẹlẹ̀ nílé akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ayò ló ń ta lọ́wọ́. Ó ju owó sínú abọ́ láìgbójú sókè, kò sì béèrè ẹni tó kú. Ẹ ò rí ayé! Ojú tì í débi pé ó lé àwọn ọmọ jáde kí aago tó lù.

Tisauke ò wọ kíláàsì rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ dé etí Kapambwe pé ọmọ náà fẹ́ fi kẹ́místírì sílẹ̀ pátápátá, ìdánwò àṣekágbá sì ń bọ̀. Ọmọ tó dára jù nínú gbogbo àwọn tó ti kọ́ rí nìyẹn.

Nílé, níbi tí wọ́n ti ń jẹ nṣima, òkèlè àgbàdo, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́, ó rò ó fún ìyàwó rẹ̀. "Àṣà kúkú ni, Ìyá Mwaba. Ìbátan àwàdà ni wá."

"Àṣà wo?" Obìnrin náà ò tilẹ̀ dúró kó gbé òkèlè mì. "Ṣé ẹ bá wọn gbẹ́lẹ̀? Ṣé ẹ bá wọn lagi? Ṣé ẹ sùn níta nídìí iná pẹ̀lú àwọn ọkùnrin? Ìbátan tó bá ṣiṣẹ́ òkú ló lẹ́nu láti fi òkú ṣẹ̀fẹ̀, Bàbá Mwaba. Tiyín yẹn, èébú lásán ni."



Ní Sátidé, Kapambwe gbé àáké lé èjìká, ó forí lé ilé Sakala. Jere, ẹ̀gbọ́n ìyá Tisauke, ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ jáde wá wòran! Ọ̀bọ ti sọ̀ kalẹ̀ látorí igi! A sin òkú tán, ló wá gbé àáké dé! Ṣé òkú mìíràn lò ń wá?"

Ó nawọ́ sí àwọn ìtì igi tó ṣẹ́ kù láti ìgbà òkú, ó ní kó là wọ́n. Kapambwe ń lagi, Jere ń bú u, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá ń dúró wòran. Ó gbà á bí ìyà tó tọ́ sí i. Nígbà tó parí, Jere gbá a lẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán. Ìbátan kì í bínú."

Ọkàn Kapambwe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni Tisauke gbé omi ìfọwọ́ dé, tó kúnlẹ̀.

"Ìbátan mi," ni Kapambwe wí, "dákun, má bínú."

"Àwọn ìbátan wa pọ̀ níbi òkú, sà. Wọ́n bú bàbá mi dáadáa, àwa náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà mi ni mi ò rí." Ó ń da omi náà díẹ̀díẹ̀. "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kọ́ wa ni mo máa ń sọ fún bàbá mi bí mo bá délé. Wọ́n mọ sódíọ̀mù. Nígbà tí wọ́n wà ní ọsibítù, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí yín. Mo sọ fún yín, ẹ ní ẹ máa wá."

Òótọ́ ni. Kapambwe sọ bẹ́ẹ̀, ó sì gbàgbé.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè yín. Nígbà tó yá, mo sọ fún wọn pé ẹ ti wá, pé oorun ni wọ́n ń sùn, ẹ ò fẹ́ jí wọn. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ó gbé abọ́ náà nílẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà."