Ọ̀sán Tí Ẹsẹ̀ Ìyá Bíọ́lá Tutù

Orí pákó ìjókòó ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n gbé Ìyá Bíọ́lá lé wọ ilé ìwòsàn wa kékeré ní Kétu. Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Dókítà ti lọ wo aláìsàn kan ní Ògùdù, nọ́ọ̀sì obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì gba ìsinmi.

Múfú, ọlọ́kọ̀ tó gbé e wá láti Agbọ́yì, ló ròyìn. Ọkọ̀ rẹ̀ forí sọ ọkọ̀ oníyanrìn. Ìyá Bíọ́lá já sómi, irin tó ń yí bíi fáànù nídìí ẹ́ńjìnnì sì ya á lójúgun. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ ti fi ìró gbígbẹ wé e láti ìbàdí dé orúnkún.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n mo ti wo irú ọgbẹ́ yìí púpọ̀. Kò jọ ọgbẹ́ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ á gé lẹ́ẹ̀kan. Irin yìí á gé, á tún gé, omi odò àti epo á sì wọnú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá bọ̀rọ̀. Ti Ìyá Bíọ́lá ti dá. Inú mi dùn. Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo fi báńdéèjì dì í, mo ní Ọlọ́run bá wọn ṣe é.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì," Múfú wí. "Ariwo tí àwọn ìyá yìí pa mọ́ mi lórí omi, ó ju ti ẹ́ńjìnnì lọ."

Mo wá ń nu ẹrẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ náà. Ó tutù. Mo fọwọ́ kan èkejì: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo wá ibi tí iṣan ti máa ń lù, n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ mọ̀ pé mo di ìka ẹsẹ̀ yín mú, mà?"

"Ìka wo? Ẹsẹ̀ yẹn ti sùn lọ."

Nǹkan kan wà lókè tó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, ọkùnrin kì í ṣí ìró obìnrin kọjá orúnkún láìsí obìnrin mìíràn nínú yàrá. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mo túbọ̀ di òfin náà mú. Mo dúró, mo ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ta lẹ ń retí?" Ìyá Bíọ́lá bi mí.

"Mo fẹ́ wo itan yín, mà. Mò ń wá obìnrin tó máa dúró tì wá."

"Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ mi, ṣé ìtìjú yín ni màá fi máa rìn?"

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ká ìró sókè. Okùn tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnnì ni Múfú fi so itan rẹ̀, ó ti wọnú ẹran.

"Múfú! O ò sọ fún mi!"

"Ẹ ò bi mí, sà. Mo rò pé ẹ ti rí i."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti ki sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ okùn náà kí n tó rántí fóònù.

"Ẹ má gé e, ẹ̀jẹ̀ á tú jáde!" Dókítà kígbe lórí fóònù. "Ìgbà wo ni wọ́n so ó?"

Múfú ní wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán lọ́wọ́. Ó ti lé ní wákàtí kan.

"Ẹ fa omi sí i lára. Ẹ fi báńdéèjì tó nípọn tẹ ojú ọgbẹ́ náà. Mò ń bọ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wí. Ìyá Bíọ́lá kò ṣàwàdà mọ́. Ó bi mí bóyá wọ́n máa gé e. Mo tún tẹ ọgbẹ́ náà.

Dókítà dé, ó tú okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ, mo tẹ̀ ẹ́, ó rí iṣan tó já, ó so ó. Gbogbo wa ń wo ìka ẹsẹ̀. Ó pẹ́. Lójijì obìnrin náà lọgun:

"Yéè! Ó ń ta mí bí ìgbà tí ìjàlọ bò mí!"

Múfú ní kó dákẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó máa pariwo, ẹsẹ̀ náà ti jí.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ẹnikẹ́ni wá láti odò, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti dá, n kì í tètè dúpẹ́. Màá kọ́kọ́ bi ẹni tó gbé e wá pé kí ló so, níbo, nígbà wo. Lẹ́yìn náà, màá tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ara.