Òsúkè Tí Mo Gbé Lọ Bẹ Àna Ní Ifọ̀

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ifọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ẹni tó bá ní omi lẹ́nu, kó kọ́kọ́ gbé e mì ná, kí ẹ̀rín má baà jẹ́ kó pá a lórí!

Ẹ mọ̀ pé Lótò ní Mowé níbí ni mò ń gbé. Ilé àbúrò mi ọkùnrin, Tájù, kò jìnnà sí tèmi. Ìyàwó rẹ̀, Kúbúrá, ń kọ́ àwọn ọmọ ní baọ́lọ́jì ní ilé-ìwé kan. Ọmọ yẹn! Bí ẹ bá sín lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó nu imú tán, á ti ṣàlàyé ohun tó mú yín sín. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tájù ni kò fẹ́ràn àlàyé yẹn.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ Tájù wá wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ló dé tí ìka ọwọ́ fi máa ń hunjọ bí èèyàn bá pẹ́ nínú omi. Kúbúrá ló gbé oúnjẹ wá fún wọn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Kò tíì dé ìdajì tí Tájù fi gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, tó ní ibí yìí kì í ṣe kíláàsì, ta ló bi í? Àwọn ọ̀rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, Kúbúrá ti di ẹrù rẹ̀, ó ti gba ilé ìyá rẹ̀ lọ ní Ifọ̀.

Ṣé ẹ̀yin náà ń rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn? Bí èmi náà ṣe rò nìyẹn, àfìgbà tí mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o. Kí n ṣáà ti lanu ni."

Tájù lọ bẹ̀ ẹ́, Alhaja, ìyá Kúbúrá, ní kó lọ mú àgbà wá. Ó ní bí àgbà yẹn náà ò bá rí ọ̀rọ̀ gidi sọ, kí wọ́n kúkú bá òun kó ìyókù ẹrù ọmọ òun wá. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré!

Nínú ẹbí tiwa, bí nǹkan bá ti di ẹ̀bẹ̀, èmi ni wọ́n ń tì síwájú. Wọ́n ní òwe ò wọ́n mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo sáré jẹ àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo, ó ń jó mi lẹ́nu, mo da mínírà tútù lé e. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò Tájù báyìí, hík!

Mo rò pé á lọ. Kò lọ! Tájù ní kí n mu omi, mo mu ún. Ó ní kí n fọwọ́ di imú, mo dì í. Mo wá rántí ohun tí a máa ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Mo fa òwú kan já létí ìró mi, mo fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ! Hík. Tájù ń wa mọ́tò, ojú rẹ̀ ti le, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ni a fẹ́ lọ gbà o."

A dé Ifọ̀. Alhaja jókòó sórí àga rẹ̀, ó da ìborùn borí. Kúbúrá wà ní yàrá, lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo kúnlẹ̀, Tájù dọ̀bálẹ̀.

"Alhaja," ni mo wí, "àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, hík!"

Alhaja gbójú sókè. "Ta lẹ fẹ́ nà?"

"Rárá o, Alhaja! Mo ní ọwọ́ òsì la ó, hík! la ó fi, hík!"

Ẹ ò rí ayé mi! Gbogbo òwe tí mo tò sẹ́nu láti Mowé, òsúkè ń já wọn sí méjì bí ẹni ń já ewébẹ̀. Alhaja ò rẹ́rìn-ín. Iwájú orí mi ló ń wò. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé òwú yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti wọlé, "ẹ" ni ìyá yìí ń fọ̀ sí mi, bí àna ṣe ń ṣe. Lójijì, ó dìde, ó nàka sí mi lójú: "Ìwọ! Ìwọ lo jí yẹtí wúrà mi lọ́jọ́ yìgì àwọn ọmọ yìí! Mo ti mọ̀ ọ́ tipẹ́!"

Haa! Mo lanu, afẹ́fẹ́ ò wọlé, afẹ́fẹ́ ò jáde. Ìgbà tí ohùn máa jáde, ẹkún ló bá a jáde. Mo ní èmi kọ́! Mo ní baba tó bí mi ò jalè, ìyá mi ò mú abẹ́rẹ́ alábẹ́rẹ́ rí, mo ní kí wọ́n gbé Kùránì wá kí n búra. Mo sọ ọ́ gùn gbọọrọ, Tájù ń kígbe "Alhaja, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

Alhaja kàn dẹ etí sílẹ̀, ó ń gbọ́ mi. Ó padà jókòó jẹ́jẹ́.

"Ó ti lọ," ó wí.

"Kí ló lọ?"

"Òsúkè yín. Ẹ forí jì mí, àna mi. Bí ìyá tèmi ṣe ń lé e fún wa nìyẹn. Ẹ fẹ̀sùn olè kan ẹni tó ń súkè, òsúkè á sá."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn kọ́tìnì. Kúbúrá já síta, ó ń fọwọ́ nu ojú. "Màámi! Ṣé ẹ fẹ́ pa Àǹtí ni?"

"Ẹ̀rù ló lé e lọ," ni Alhaja fi fèsì.

"Kì í ṣe ẹ̀rù, Màámi, èémí ni. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n di èémí mú, ìyẹn ló mú kí ẹran abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró wọn..."

Ojú rẹ̀ bá ti Tájù pàdé. Ó pa ẹnu dé bí ẹni dé ìkòkò. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ káàbọ̀." Ló bá yíjú sí yàrá.

Ìjà tí a wá parí nìyẹn, ó dúró láàárín pálọ̀ lójú gbogbo wa. Mo ní, "Kúbúrá, má wọlé. Kí ló ń fò nínú mi láti àárọ̀?" N kò sọ ọ́ láti tù ú nínú o. Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́!

Ó bẹ̀rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ Tájù. Ó ní ẹran pẹrẹsẹ kan wà tó pín àyà níyà sí ikùn, bí ìgbà tí wọ́n fi pátákó pín mọ́tò akẹ́rù. Bó bá fà sísàlẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí alápatà ń pè ní fùkù, á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bó bá padà sókè, afẹ́fẹ́ á jáde. Tọ̀sántòru ló ń ṣe é, a kì í bẹ̀ ẹ́. Àpòlúkù, àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí, ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Àkàrà gbígbóná àti mínírà tútù tí mo kó síbẹ̀ ló yọ ẹran pẹrẹsẹ náà lẹ́nu, ó wá ń ta pọ́ún-pọ́ún. Bó ṣe ta, afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé, ẹnu ọ̀nà ọ̀fun sì pa dé gbì! Ariwo ilẹ̀kùn tó pa dé yẹn là ń gbọ́.

Ó ní ọmọ inú oyún pàápàá ń súkè. Mo pariwo! Nígbà oyún àbíkẹ́yìn mi, nǹkan kan máa ń sọ kúlúkúlú nínú mi, ìyá mi ní ọmọ ló ń jó. Àṣé òsúkè ni! Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni òsúkè wá ń ṣe fún wa? Ó ní àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá ọjọ́ méjì tí kò lọ, ó ní kí èèyàn fi òwú sílẹ̀, kó gba ilé ìwòsàn lọ.

Tájù wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré: "Kúbúrá, ibo gan-an ni ẹran yẹn wà?"

Ó wò ó. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Ọ̀gá? Ṣebí ibí yìí kì í ṣe kíláàsì."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ dáadáa," ni Tájù wí. "Mi ò mọ ibi tó wà. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Mo ti gbàgbé pé orí eékún ni mo ṣì wà. Kúbúrá rìn lọ bá ọkọ rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sí abẹ́ eegun ìhà ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

"Ẹ mí sínú."

Tájù mí sínú.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Alhaja ní gbogbo àlàyé yẹn dáa, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan sọ fún òun, ta ló lé òsúkè náà lọ, ìwé àbí òun? Nígbà tí ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, ìborùn rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn. Yẹtí wúrà méjèèjì wà létí rẹ̀, wọ́n ń dán yinrin!

Àwa mẹ́ta la padà sí Mowé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo jókòó lẹ́yìn. Tájù ń béèrè ọ̀rọ̀ ìka tó ń hunjọ nínú omi, Kúbúrá ń dá a lóhùn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: òwe dára fún ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ohun tí ẹni tí a ṣẹ̀ ń retí ò ju pé kí a bi í léèrè ohun tó mọ̀, kí a sì dúró gbọ́ ọ tán.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ń lé òsúkè nílé tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí gbogbo wa kà á. Ẹ kàn má fẹ̀sùn olè kàn mí o, tèmi ti lọ!